Ibi tí Òṣìṣẹ́ Dúró sí: Ìtàn Májèlé inú Ẹ̀gẹ́ àti Ọkà Bàbà

Ọ̀rọ̀ Ìṣáájú

Ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣètò ìwé yìí sọ fún mi pé ìtàn ni kí n kọ. Bí a bá ti dárúkọ ìtàn láwùjọ Yorùbá, ọkàn ènìyàn a máa lọ sí ọ̀rọ̀ ọba, ogun àti oyè. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà ìtàn oúnjẹ méjì ni mo mú wá: ẹ̀gẹ́ tí a ti mọ̀ láti ilé, àti ọkà bàbà tí a bá lọ́wọ́ àwọn tí a jọ ń gbé ní Òkè Ọya níbí.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nínú ìtàn náà. Nínú iṣẹ́ tí ó ní ìpele púpọ̀, kì í ṣe iye òṣìṣẹ́ nìkan ni ó ń sọ bí iṣẹ́ yóò ṣe yá tó. Ibi tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan dúró sí ń sọ ọ́ pẹ̀lú. Ó dà bí ọ̀rọ̀ àwọn kọ́lékọ́lé, ṣùgbọ́n inú ewé àti inú gbòǹgbò ni àwọn onímọ̀ ti rí i, ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti bá a lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Bí Ẹ̀gẹ́ Ṣe Dé Ọ̀dọ̀ Wa

Ẹ̀gẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní pákí tàbí gbágùúdá, kì í ṣe irúgbìn ilẹ̀ wa. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Àwọn ará Pọ́túgà ni wọ́n gbé e láti Brazil wá sí etíkun Áfíríkà ní ọ̀rúndún 16. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba igi ẹ̀gẹ́ lásán kò tíì gba oúnjẹ. Ọgbọ́n ṣíṣe rẹ̀ ni oúnjẹ. Àwọn onílẹ̀ Brazil ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹ̀gẹ́ kíkorò a máa pa ènìyàn bí a bá kàn wà á jẹ, àfi kí a rin ín, kí a fún omi rẹ̀ dànù, kí a sì yan án. Wọ́n ní agbọ̀n gígùn kan tí wọ́n ń pè ní tipiti, tí wọ́n fi ń fún omi náà. Ohun tí ó jáde lórí iná ni àwọn Pọ́túgà ń pè ní farinha.

Ní ọ̀rúndún 19, àwọn ènìyàn wa tí a ti kó lẹ́rú lọ sí Brazil bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí Èkó, Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́. Àwọn ni à ń pè ní Àgùdà. Àwọn Sàró náà ń bọ̀ láti Freetown. Àwọn òpìtàn sọ pé àwọn tí ó padà wálé yìí kó ipa pàtàkì nínú bí ṣíṣe gààrí ṣe tàn ká ilẹ̀ Yorùbá. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ọ̀hún ti wà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Lónìí, ó ti lé ní 30 ọdún tí Nàìjíríà ti ń ṣe ipò kìíní ní gbogbo ayé nínú ẹ̀gẹ́ gbígbìn.

Àwọn ìyá wa kò ka ìwé kẹ́mísìrì kankan. Síbẹ̀, gbogbo ìpele tí wọ́n tò kalẹ̀ ni ó ní ìdí. Ó gba àwọn onísáyẹ́ǹsì títí di òpin ọ̀rúndún 20 kí wọ́n tó rí ìdí náà dáadáa.

Ohun tí Ó Wà nínú Ẹ̀gẹ́

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Nínú gbogbo ohun abẹ̀mí, ìbáà ṣe ènìyàn, ẹranko tàbí koríko, àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké kan wà tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń yí ohun kan padà di òmíràn. Iṣẹ́ tí ì bá gba ọjọ́ pípẹ́, wọ́n a máa ṣe é ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn ni ẹ́ńsáìmù. Èyí tí ó ń gé ata kì í lọ ata: iṣẹ́ kan ṣoṣo ni olúkúlùkù mọ̀. Bí iṣẹ́ bá ní ìpele mẹ́ta, òṣìṣẹ́ mẹ́ta ni yóò gba ọwọ́ ara wọn.

Nínú ẹ̀gẹ́, ohun kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ linamarin. Bí ó ti wà yẹn, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ìgbà tí a bá tú u ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, ìpele méjì sì ni títú rẹ̀. Ní ìpele kìíní, ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń pè ní linamarase yóò já ṣúgà ara rẹ̀ kúrò, ohun tí ó kù yóò sì di acetone cyanohydrin. Ní ìpele kejì, acetone cyanohydrin náà yóò tú ká, èyí tí ó jáde nínú rẹ̀ ni sáyánáìdì, májèlé tí ayé ń bẹ̀rù. Sáyánáìdì yìí kì í pẹ́ fò lọ sínú afẹ́fẹ́, nítorí pé ìwọ̀n ooru 26 péré lórí òṣùwọ̀n Celsius ti tó láti mú un hó. Ọ̀sán tiwa níbí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà. Bí gbogbo ìpele bá parí kí oúnjẹ tó dé ẹnu, májèlé ti bá afẹ́fẹ́ lọ, oúnjẹ ti di mímọ́. Bí ìpele bá kù, inú ènìyàn ni yóò ti parí. Yíyá iṣẹ́ náà ni ààbò wa.

Kí ló dé nígbà náà tí ẹ̀gẹ́ kì í tú májèlé ara rẹ̀ nígbà tí ó wà nínú ilẹ̀, bí linamarin àti linamarase bá jọ wà nínú rẹ̀? Ìdáhùn ni pé wọn kò jọ gbé inú yàrá kan. Sẹ́ẹ̀lì ni ilé tí ara gbogbo ohun abẹ̀mí fi mọ. Linamarin wà nínú àpò omi kan ní àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì, linamarase sì wà lára ògiri. Ògiri kò fọ̀, àpò kò ya, àwọn méjèèjì kò ríra. Ọjọ́ tí eku tàbí kòkòrò bá gé e jẹ, ògiri fọ̀, àpò ya, wọ́n pàdé, májèlé sì jáde sí ẹnu olè. Ààbò tí ẹ̀gẹ́ fi sọ́ra rẹ̀ nìyẹn.

Bí Àwọn Onímọ̀ Ṣe Mọ Ibi tí Wọ́n Wà

Ọkà bàbà ni ó kọ́kọ́ tú àṣírí yìí. Àwọn darandaran mọ̀ pé màlúù tí ó bá jẹ ewé ọkà bàbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, pàápàá lẹ́yìn ọ̀dá, lè ṣubú kú. Ohun tí ó wà nínú ewé náà ń jẹ́ dhurrin, ọmọ ìyá linamarin ni. Ní 1979, Eric Conn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Davis ya ìpele ewé ọkà bàbà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n rí i pé awọ òde ewé ni dhurrin wà, nígbà tí ẹ́ńsáìmù tí ó lè tú u wà nínú ẹran ewé lábẹ́ awọ náà. Ẹ̀yìn odi ni ọ̀kan, inú ilé ni èkejì.

Ní 1990, àwọn olùwádìí tí Richard Sayre wà láàárín wọn ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio wá linamarase rí lára ògiri sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gẹ́. Ní 1998, wọ́n tún rí ohun tí ó ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Òṣìṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú ìpele kejì yá. Ó pọ̀ nínú ewé ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò rí i nínú gbòǹgbò. Nínú gbòǹgbò tí à ń jẹ, ìpele kìíní ní òṣìṣẹ́, ìpele kejì kò ní. Acetone cyanohydrin yóò kàn máa tú fúnra rẹ̀ ni, díẹ̀díẹ̀, bí ooru àti omi inú rẹ̀ bá ṣe gbà á láàyè.

Láti fi ìdí èyí múlẹ̀, ní 2004 àwọn olùwádìí náà mú kí gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ kan ní ilé ìwádìí máa pèsè òṣìṣẹ́ kejì yìí fúnra rẹ̀. Sáyánáìdì inú rẹ̀ tètè jáde ju ti ẹ̀gẹ́ yòókù lọ. Iye linamarase kọ́ ni ìṣòro tẹ́lẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìpele kejì ni kò sí níbi tí iṣẹ́ wà.

Ohun tí Àwọn Ìyá Wa Ń Ṣe

Pẹ̀lú ìmọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ẹ̀yìnkùlé ilé wa, kí a wo iṣẹ́ gààrí bí ó ti rí gan-an.

Àkọ́kọ́ ni bíbó. Èèpo ẹ̀gẹ́ ní oró ju ẹran inú rẹ̀ lọ, nítorí náà ẹni tí ó bó o ti ju ẹrù ńlá nù.

Lẹ́yìn náà ni rírin. Láyé àtijọ́, páànù tí a fi ìṣó lu ni a fi ń rin ín, kí ẹ̀rọ tó dé. Ohun tí rírin ń ṣe ni pé ó ń fọ́ ògiri, ó ń ya àpò. Kò fi ẹ́ńsáìmù kankan kún ẹ̀gẹ́, kò sì yọ ìkankan kúrò. Àyè tí wọ́n wà ni ó yí padà. Ẹni tí ó wà ní yàrá àti ẹni tí ó wà lára ògiri bọ́ sí gbangba pọ̀, iṣẹ́ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí a ti gbin ẹ̀gẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní wéréwéré. Bí a ṣe rin ín kúnná tó ni ìpàdé wọn ṣe pọ̀ tó.

Ẹ̀kẹta ni dídì sínú àpò àti títẹ̀ ẹ́, ìbáà ṣe òkúta ni a gbé lé e tàbí jáàkì. Omi ń ro, oró ń bá omi lọ, linamarase sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ ní gbogbo ọjọ́ tí ó fi wà níbẹ̀. Ó tún ń kan. Kíkan yìí ni adùn gààrí Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó ń ṣe sí ìpele kejì: acetone cyanohydrin kì í fẹ́ tú ká nínú ohun kíkan. Ó a máa dúró sí i.

Ìdí nìyí tí ẹ̀kẹrin fi ṣe pàtàkì, èyíinì ni yíyan lẹ́yìn tí a bá ti fi asẹ́ jọ̀ ọ́. Níwọ̀n bí gbòǹgbò kò ti ní òṣìṣẹ́ ìpele kejì, iná agbada ni a gbé síbẹ̀ ní ipò rẹ̀. Acetone cyanohydrin kò fara mọ́ ooru. Bí ọwọ́ ìyá ti ń ro gààrí lọ ro ó bọ̀, èyí tí ó kù nínú rẹ̀ ń tú, ó sì ń bá èéfín lọ. Ta ni ó kọ́ wọn pé ẹ̀yìn rírin ni kí iná wá, kì í ṣe ṣáájú? Bí a bá kọ́kọ́ se odindi ẹ̀gẹ́ kíkorò, ooru yóò pa linamarase kí ó tó kan linamarin, linamarin fúnra rẹ̀ kò sì bẹ̀rù omi gbígbóná. Òṣìṣẹ́ kú, ẹrù kù sílẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí oró rẹ̀ kéré nìkan ni a lè sè jẹ bẹ́ẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní rogo tí wọ́n sì ń tà ní ìgboro níbí.

Ti fùfú àti láfún gba ọ̀nà mìíràn dé ibi kan náà. A kò rin ín, a rẹ ẹ́ sínú omi. Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín inú omi náà ni wọ́n ń jẹ ògiri sẹ́ẹ̀lì títí tí ẹ̀gẹ́ fi rọ̀ pẹ̀tẹ̀. Rírọ̀ yẹn ni àmì pé àwọn méjèèjì ti pàdé. Ẹ̀gẹ́ tí ó ṣì le nínú omi kò tíì ṣetán.

Nígbà tí Ìkánjú Wọ̀ Ọ́

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Ibi tí wọ́n ti gé ìpele kúrú ni ìyà ti dé.

Ní 1938, dókítà kan tí ń jẹ́ Trolli kọ̀wé nípa àrùn kan ní Congo tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní konzo. Ẹsẹ̀ méjèèjì a máa gan lójijì, ẹni náà kò sì ní lè rìn dáadáa mọ́ títí ayé. Ní 1981, ọ̀dá mú ní ẹkùn Nampula ní Mozambique. Ẹ̀gẹ́ kíkorò nìkan ni ó kù nílẹ̀, ebi kò sì jẹ́ kí wọ́n ní sùúrù láti ṣe é dé ojú àmì. Ó lé ní 1,000 ènìyàn tí konzo mú, àwọn obìnrin àti ọmọdé ni ó pọ̀ jù.

Ní ẹkùn Bandundu ní Congo, tí a ń pè ní Zaire nígbà náà, ọjà ni ó fa tiwọn. Wọ́n ṣe títì ọlọ́dà lọ sí Kinshasa, oníbàárà pọ̀, àwọn obìnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn òru kan dípò ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi ń rẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn olùwádìí tí Hans Rosling wà lára wọn ni wọ́n tọpa rẹ̀ tí wọ́n sì gbé e jáde ní 1992. Ẹ̀gẹ́ kan náà ni, omi kan náà ni. Àkókò tí ògiri ì bá fi fọ̀ tán ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nílé tiwa náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn lọ sí Ẹ̀pẹ́ àti Òsósà ní àwọn ọdún 1960. Ó bá àwọn àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ wọn kú, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ rìn, tí ojú wọn ń ṣú, tí etí wọn sì ń di. Ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1968 so àìsàn náà mọ́ jíjẹ ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́ láìsí oúnjẹ aṣaralóore púpọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn olùwádìí tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti jiyàn bóyá sáyánáìdì nìkan ni ó fa ti Òsósà, ṣùgbọ́n ọ̀jọ̀gbọ́n náà ni ó jẹ́ kí ayé kọ ojú sí ọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà.

Ìtàn yìí kò parí sí ẹkún. Howard Bradbury, onímọ̀ kẹ́mísìrì ní Ọsirélíà, ronú pé bí èlùbọ́ ẹ̀gẹ́ bá ṣì ní linamarin, ó ṣeé ṣe kí ó ṣì ní linamarase pẹ̀lú, omi ni kò sí tí wọn yóò fi pàdé. Ó ní kí wọ́n po èlùbọ́ náà mọ́ omi, kí wọ́n tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, kí ó tẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n fi í sílẹ̀ lábẹ́ ibòji fún wákàtí márùn-ún kí wọ́n tó fi rokà. Sáyánáìdì fò lọ nínú rẹ̀. Ní abúlé Kay Kalenda ní Congo, níbi tí konzo ti ń pa wọ́n lẹ́sẹ̀, àwọn obìnrin gba ọ̀nà yìí, ìròyìn tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2012 sọ pé ẹnikẹ́ni kò tún ní konzo níbẹ̀ ní àkókò tí wọ́n fi ṣe é. Omi lásán ni, ó kàn mú àwọn tí ó jìnnà súnmọ́ra ni.

Ọkà Bàbà: Apá Kejì Ọ̀rọ̀ Náà

Títú ni a ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kíkọ́ ńkọ́? Ọkà bàbà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe dhurrin kí ó tó fi í pamọ́, òṣìṣẹ́ mẹ́ta pàtàkì ni ó ń ṣe é. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ohun tí ó ń ti ọwọ́ òṣìṣẹ́ kan bọ́ sí ọwọ́ èkejì fúnra rẹ̀ léwu. Bí ó bá jábọ́ lọ́nà, ara ọkà bàbà ni yóò bàjẹ́.

Ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n bá ń da dẹ́kìn ilé alájà. Àwọn lébìrà a tò tẹ̀lé ara wọn, wọn a máa gbé páànù kọnkéré láti ọwọ́ dé ọwọ́. Bí ẹnìkan bá jìnnà sí ẹnìkejì, kọnkéré a dà, iṣẹ́ a sì falẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ní 1980, Birger Møller àti Eric Conn fi hàn pé ohun tí òṣìṣẹ́ kan nínú ọkà bàbà bá ṣe tán, ọwọ́ èkejì ni ó ń bọ́ sí tààrà, ó sì ń gba èyí ju èyí tí wọ́n bù sí i láti òde lọ. Ní 1985, Paul Srere fún irú ìtò bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí ó fi ń jẹ́ metabolon títí di òní. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Copenhagen yọ ìtò ti ọkà bàbà jáde lódindi. Wọ́n rí i pé bí òṣìṣẹ́ kẹta kò bá sí níbẹ̀, iṣẹ́ àwọn méjì àkọ́kọ́ kì í lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ bí ó ti yẹ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹ má ṣe rò pé kí a kàn sún òṣìṣẹ́ mọ́ra ti tó níbi gbogbo. Ní ọdún 2016 yẹn kan náà, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Columbia yẹ ẹ́ńsáìmù méjì kan wò tí wọ́n máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ, wọ́n sì rí i pé sísúnmọ́ra nìkan kọ́ ni ó mú iṣẹ́ àwọn yẹn yá. Ibi tí ohun tí ó wà láàárín bá ti lè dà nù tàbí kí ó ṣe ìjàǹbá ni sísúnmọ́ra ti ń sanwó jù.

Ìkádìí

Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Nígbà tí ewéko ń kọ́ májèlé, ó kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ kí ohunkóhun má baà jábọ́. Nígbà tí ó fẹ́ fi í pamọ́, ó fi ògiri sáàárín. Àwọn ìyá wa ni wọ́n wó ògiri yẹn lulẹ̀ kí a tó lè jẹun, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ayé sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka iṣẹ́ ọwọ́ wọn bí ìwé.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín:

1. Ẹni tí ó bá ń ṣe gààrí tàbí fùfú tà, kí ó má ṣe jí nínú ọjọ́ rẹ̀ nítorí ọjà. Àjọ tí ń rí sí òṣùwọ̀n oúnjẹ ní àgbáyé ní kí sáyánáìdì inú èlùbọ́ ẹ̀gẹ́ má ju mílígíráàmù 10 lọ nínú kílò kan.

2. Ẹ má ṣe se ẹ̀gẹ́ tí ẹ kò mọ irú rẹ̀ jẹ lódindi, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé máa jẹ ẹ́ ní tútù.

3. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà, ẹja, ẹyin tàbí ẹran máa tẹ̀lé ẹ̀bà. Ohun tí ó wà nínú wọn ni ara fi ń pa oró díẹ̀ tí ó bá kù.

4. Ẹni tí ó ń sin ẹran, kí ó má ṣe dà wọ́n sínú ọkà bàbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù.

Ẹ̀yin ọmọ wa, nígbà tí ẹ bá tún rí ìyá àgbà tí ó kọ̀ láti yan gààrí nítorí pé kò tíì ro dáadáa, ẹ má pè é ní aláṣejù. Ẹ bi í léèrè, kí ẹ sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀.